ALFRED BUTTS: ẸNI TÓ KA LẸ́TÀ BÍ ẸNI Ń KA OWÓ

Bí a bá ta Scrabble tán, ẹni tó pa ẹgbẹ́ rẹ̀ láyò là ń yìn, a kì í rántí ẹni tó dá eré náà sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Ìlú Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Alfred Mosher Butts ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1899. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló kọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1931.

Butts kò káwọ́ gbera. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn New York Times síwájú, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Lẹ́tà tó pọ̀ gba máàkì kékeré, èyí tó ṣọ̀wọ́n gba ńlá. Ìdí nìyí tí E fi jẹ́ 12 nínú 100 ègé, tí Q sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó ń gba máàkì 10. Ó rí i pé S ń sọ BOOK di BOOKS, CAR di CARS. Kí eré má baà rọrùn jù, S 4 péré ló fi sí i.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan ìṣeré kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ní 1948 ni James Brunot gba eré náà, tó sọ ọ́ ní Scrabble, tí Butts sì ń gba owó díẹ̀ lórí èyí tí wọ́n bá tà. Láti 1952 ni ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ohun ìyanu ni pé Butts fúnra rẹ̀ kò mọ sípẹ́lì dáadáa. Nina ìyàwó rẹ̀ a máa nà án nínú eré náà! Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1993, nígbà tó ku ọjọ́ 9 kó pé ẹni ọdún 94.

Ní 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. FELTY wà lára ọ̀rọ̀ tó fi parí iṣẹ́: FELT tí gbogbo wa mọ̀, tó fi Y kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta á, ẹ má kọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ kó wọn jọ bí ọmọ ìyá: LIGHT, NIGHT, FIGHT, MIGHT, IGHT ni ìyá wọn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fara balẹ̀ ka lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Àwa tí a ṣì ń wá iṣẹ́ lọ́la, ẹ má jẹ́ kí a káwọ́ gbera.