Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ àti Ẹjọ́ Tí Ó Fi Ààlà Sí Agbára Ìjọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ẹni tí ó fi ènìyàn sùn tún jẹ́ ẹni tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Nítorí náà pẹ̀lú ni a fi ń pín agbára ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan ń ṣe òfin, àwọn kan ń mú òfin ṣẹ, àwọn mìíràn sì ń dájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ yìí bá ṣòro fún, kí ó wá gbọ́ ìtàn ọba kan tí ó jẹ ní Ìgá Ìdúngànràn, ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ọmọ Ọba Dòsùnmú ni Èṣùgbàyí. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní ọdún 1861. Nígbà tí Èṣùgbàyí gorí oyè ní ọdún 1901, iyì oyè ṣì wà láàfin, ṣùgbọ́n agbára ti bọ́ sọ́wọ́ Gómìnà. Gómìnà ni olórí àwọn tí ń mú òfin ṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ni ó sì kún ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún 1923 ni àwọn ará Èkó tó kọ́kọ́ dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó omi ẹ̀rọ, tí ará ìlú sì fárígá, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ọba dúró sí. Ní ọdún 1920, Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá. Herbert Macaulay bá a lọ, ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Macaulay sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ rán akéde pẹ̀lú agogo káàkiri ìlú láti sọ pé òun kò mọ̀ sí i. Ọba kọ̀. Ìjọba kò kà á sí ọba mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1921, Olúwa jàre ẹjọ́ ilẹ̀ náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, ìjọba ní a ti rọ Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin kan ni wọ́n gbé ara lé. Òfin náà gba Gómìnà láyè láti lé olóyè tí a bá rọ̀ kúrò nílùú, bí àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbíkúnlé Akitóyè ni a fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyẹn wàjà ní ọdún 1928, Sànúsí Olúsì jọba.

Macaulay àti àwọn ènìyàn Èkó kò gbà. Wọ́n bẹ ilé ẹjọ́ pé kí a gbé ọba wá síwájú adájọ́, kí ìjọba sọ òfin tí ó fi dè é mọ́ Ọ̀yọ́. Àwọn adájọ́ Èkó kọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1928, ìgbìmọ̀ náà là á pé bí adájọ́ kan bá kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lè gbé e lọ síwájú adájọ́ mìíràn.

Ní ọdún 1931 ni ìdájọ́ ńlá náà jáde láti ẹnu Lord Atkin. Ó ní aláṣẹ kò ní agbára kankan lórí ènìyàn ju èyí tí òfin fún un lọ. Bí ó bá lé ènìyàn kúrò nílé, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yẹ ìdí rẹ̀ wò, kì í ṣe Gómìnà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun jàre. Ṣé olóyè ni Èṣùgbàyí lóòótọ́? Ṣé a rọ̀ ọ́ lóyè? Ṣé àṣà Èkó sì béèrè pé kí ọba tí a rọ̀ kúrò nílùú? Àwọn ìbéèrè yìí ni adájọ́ Èkó gbọ́dọ̀ wádìí. Ìdájọ́ náà fi kún un pé, àṣà ìbáà le, ìbáà rọ̀, ìfọwọ́sí àwọn tí ó ni ín ni ó sọ ọ́ di àṣà. Ìjọba kò lè jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa hun àṣà fún onílé.

Kí ìwádìí náà tó parí, Sir Donald Cameron, Gómìnà tuntun, yanjú ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí. Èṣùgbàyí padà sí Ìgá Ìdúngànràn ní ọdún 1931 kan náà, Sànúsí sì fi ààfin sílẹ̀. Ìgbà tí ó lò padà lórí oyè kò gùn: ó wàjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1932.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni ọba náà fi gbé ní ìlú onílùú kí ẹnìkan tó bi ìjọba léèrè ohun tí ó ṣe. Títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Nàìjíríà ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ náà bí ìjọba bá ń fi ọwọ́ ọlá gbá ènìyàn lójú. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ nípa ìpín agbára, ẹ mú un dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ibi tí aláṣẹ bá ti ń dájọ́ ara rẹ̀, bí ọba kò bá bọ́ níbẹ̀, ta ni mẹ̀kúnnù?