Àlùfáà Samuel Johnson, Òjíṣẹ́ Àlàáfíà

Kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀ ni Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè kọ ìtàn ìlú yìí kí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ní ọdún 1857 àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn, níbi tí Àlùfáà Hinderer ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ó ṣe olùkọ́, a sì fi í jẹ díákónì ní ọdún 1880.

Ogun Kírìjì ti gbóná nígbà náà. Ní ọdún 1881 Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí Gómìnà Èkó, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn parí ìjà. Johnson ni ó ru ìwé náà lọ. Kí òǹkàwé má ṣe yára dá a lẹ́bi: ọ̀nà ti dí, a sì ń kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ogun tú Ifẹ̀ ká, àwọn baba wa kò sì padà sílé títí di ọdún 1894.

Ní ọdún 1886 Gómìnà Moloney rán Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Johnson tọ àwọn Ìbàdàn lọ, Phillips tọ Èkìtìparapọ̀ lọ. Wọn kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Èdè àwọn tí ń jà sì ni èdè tiwọn. Ní oṣù kẹfà a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ní oṣù kẹsàn-án àwọn àgọ́ ogun tú. Nínú ìwé yìí ni a ti pinnu pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ ṣí lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàrin odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Fífi ọwọ́ sí ìwé kò ṣòro tó ṣíṣí ilé ẹni: ó di ọdún 1909 kí èyí tó ṣẹ.

Ìjọba tí a pè wá láti làjà kò padà lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1893 Gómìnà Carter bá Aláàfin dá májẹ̀mú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1895, nítorí aáwọ̀ lórí àṣẹ ìdájọ́, Kápítéènì Bower, àjẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, fi ìbọn àgbá ja ìlú Ọ̀yọ́. Adéyẹmí yìí kan náà, tí Johnson ru ìwé rẹ̀ lọ sí Èkó, ni ó ṣì wà lórí ìtẹ́. Johnson tìkára rẹ̀ sì ni àlùfáà ìjọ tí ó wà ní Ọ̀yọ́. Èrò ọkàn rẹ̀ ní ọjọ́ náà kì yóò jẹ́ kékeré.

Kò fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1897 ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, ìwé àlàáfíà ọdún 1886 sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìpinnu tí ó kan Ifẹ̀.