Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Abiyamọ ní Abẹ́òkúta

Ọjọ́ 25, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1900 ni a bí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta. Ní 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abẹ́òkúta Grammar School gbà. Ọmọkùnrin nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì padà ní 1922. Ní 1925, ó di aya Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, olùkọ́ bí i tirẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. 1926 ni àkọ́bí dé, 1940 ni àbíkẹ́yìn. Láàrin àsìkò ọmọ títọ́ yìí kan náà ni ó dá kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìdílé náà padà sí Abẹ́òkúta ní 1932, ó kó àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè ni wọ́n fi ń ṣeré. Kò kan ìyá alátà.

Ní nǹkan bí ọdún 1944, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan wá sọ fún un pé ọ̀rẹ́ òun kan tí ó ń tajà fẹ́ mọ̀wé kà. Nígbà náà, Fẹlá kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, Bẹ́kọ̀lárí sì jẹ́ nǹkan bí ọmọ mẹ́rin. Ẹni tí ó ní àwíjàre ni, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé.

Kí ni ó mú abiyamọ tí ó ti náwó nára láti òwúrọ̀ tún jókòó ti ìwé? Ní èrò tèmi, ìwé ni ó ń ṣe àkóso wọn láìjẹ́ pé wọ́n lè kà á. Ìwé owó-orí wà níbẹ̀: ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, ṣáájú ọmọkùnrin. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á nígbà ogun. Ẹ̀kọ́ tí ó bá ọjà wọn mu kò nílò ẹgba. Olùkọ́ wọn pẹ̀lú mọ ọ̀nà: ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀, Yorùbá ni ó ń sọ ní gbangba, títí kan níwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ, tí wọ́n fi ní láti wá ògbufọ̀.

Láti inú kíláàsì yìí ni ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé náà ti di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ní 1948, a dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1968. Ní 1977, àwọn ọmọ ogun ṣe é léṣe ní ilé Fẹlá ní Èkó. Ó kú ní ọjọ́ 13, oṣù Igbe, 1978. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni ó ti ìsọ̀ wọn pa.