Gunpei Yokoi: Ọkùnrin Tó Ní Ká Padà Sẹ́yìn

Ìtàn ìgbésí ayé tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba tàbí ti jagunjagun. Ti ọkùnrin ará Jàpáànì kan ni, Gunpei Yokoi. Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì tó dà bí àgbélébùú lára páàdì gẹ́ẹ̀mù rí, ẹ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú Kyoto ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 1941. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní Yunifásítì Doshisha, ó sì wọ ilé iṣẹ́ Nintendo ní 1965. Káàdì ni Nintendo ń ṣe nígbà yẹn, iṣẹ́ Yokoi sì ni kó máa tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀, ó ṣe ọwọ́ gígùn kan tó ń nà tó sì ń kákò, ó ń fi í ṣeré. Ọ̀gá pátápátá, Hiroshi Yamauchi, rí i. Kò bá a wí, ó ní kó sọ ọ́ di ọjà. Ní 1966 wọ́n gbé e jáde, Ultra Hand lorúkọ ẹ̀, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ìgbàgbọ́ Yokoi ni pé kò dìgbà téèyàn bá lo ohun tuntun tó wọ́n. Ohun tó ti pẹ́ lọ́jà, tówó ẹ̀ ti wálẹ̀, kéèyàn ro ohun mìíràn tó lè fi ṣe. Ó rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò ṣeré torí pé kò rí nǹkan ṣe. Ibẹ̀ ló ti ronú kan Game & Watch, gẹ́ẹ̀mù àfọwọ́mú tó jáde ní 1980. Ní 1982 ló fi bọ́tìnì alágbèélébùú yẹn sí ọ̀kan nínú wọn.

Ní 1986, òun ni alábòójútó àwọn tó ṣe Metroid. Nínú gẹ́ẹ̀mù yìí, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Samus Aran wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ ní ayé kan tí wọ́n ń pè ní Zebes. Nínú ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀mù fífò ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún lèèyàn máa ń sáré lọ ṣáá. Metroid yàtọ̀. Téèyàn bá gba ọ̀tún lọ, kò ní pẹ́ tó fi máa bá ihò tóóró tí kò lè gbà kọjá. Agbára tó máa jẹ́ kí Samus ká kò róbótó bíi bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ òsì ibi tó ti bẹ̀rẹ̀! Ilẹ̀kùn pupa náà kò ní ṣí àfi téèyàn bá ti rí mìsáìlì, á wá padà síbẹ̀. Kò sí máàpù nínú ẹ̀, orí ẹni lèèyàn máa fi rántí ọ̀nà. Òwe wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Metroid ń kọ́ ọmọdé láti wo ẹ̀yìn bí àgbà. Ẹni tó bá sì tètè parí ẹ̀ á rí i pé obìnrin ni ọdẹ náà.

Game Boy ló tẹ̀lé e ní 1989. Kò ní àwọ̀ bíi tàwọn tó ń bá a du ọjà, ṣùgbọ́n kò wọ́n, kì í sì í tètè jẹ bátìrì. Òun àti àbúrò ẹ̀ tó ní àwọ̀ tà ju mílíọ̀nù 118 lọ.

Ọ̀rọ̀ ò dùn títí dópin o. Virtual Boy tó ṣe ní 1995 kò tà. Pupa àti dúdú nìkan ló ń hàn nínú ẹ̀, ó sì ń mú kórí fọ́ àwọn kan. Ní 1996 Yokoi fi Nintendo sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀, Koto, sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1997, ọkọ̀ forí gbárí lójú títì márosẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó, ọkọ̀ mìíràn sì gbá a. Ẹni ọdún 56 ni. WonderSwan tó bá wọn ṣe jáde ní 1999, kò ṣojú ẹ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀.

Lójú tèmi, Virtual Boy ò tó láti bo orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí Metroid níbikíbi, kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti pẹ́. Kó gbá a mú, kó sì kọ́kọ́ lọ sí ọwọ́ òsì.