Banting àti àwọn ajá tó ṣáájú ínsúlínì

Bí ẹ bá ń tọ́jú alátọ̀gbẹ nílé, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Logbaba nílùú Douala, ọwọ́ Frederick Banting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ínsúlínì ti wá. Ọmọ àgbẹ̀ ni, Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 14 November 1891. Ó di oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n aláìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní 1921, òun àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Toronto. Wọ́n á yọ pancreas ajá kí ó lè ní àtọ̀gbẹ, wọ́n á wá fún un ní oje pancreas ajá mìíràn. Ọ̀pọ̀ ajá ló kú. Kò dùn ún gbọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ní January 1922, wọ́n gún ọmọdékùnrin kan, Leonard Thompson, lábẹ́rẹ́. Ti àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tí James Collip sọ oje náà di mímọ́ ni ṣúgà ọmọ náà wálẹ̀. Ó tún lo ọdún 13 láyé.

Banting gba ẹ̀bùn Nobel ní 1923, ó sì pín owó tirẹ̀ pẹ̀lú Best. Jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa á ní 1941.

Kí ínsúlínì tó dé, àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ kì í pẹ́ láyé débi tí kíndìnrín wọn yóò fi bàjẹ́. Eku ni àwọn onímọ̀ sábà fi ń wádìí ìyẹn báyìí: wọ́n á fi oògùn ba pancreas rẹ̀ jẹ́, wọ́n á máa wò ó bóyá purotéènì ń jò sínú ìtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kan náà ni kí ẹ ní kí dókítà máa ṣe fún ẹni yín lọ́dọọdún, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú.