Charles Pathé kò ta fíìmù mọ́

Ọdún 1863 ni a bí Charles Pathé ní ilẹ̀ Faransé. Alápatà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó wá owó lọ sí Ajẹntínà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ló gbé padà. Ní 1896, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Pathé Frères sílẹ̀. Àkùkọ ni àmì rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, àwọn onísinimá a máa gbé àgọ́ kiri láti ìlú dé ìlú. Mítà ni Pathé fi ń wọn fíìmù tà fún wọn, bí ẹni ń ta aṣọ. Ẹni tó bá rà á ti ni ín nìyẹn. Á máa fi han èrò títí yóò fi gbó.

Ní 1907, Pathé yí òwò náà padà. Kò ta fíìmù mọ́, yíyá ló ń yá a fún ilé sinimá: wọn a lò ó, wọn a dá a padà, wọn a gba òmíràn. Ìpinnu yìí le fún àwọn tí ń gbé àgọ́ kiri, kò sì yani lẹ́nu pé inú bí wọn. Púpọ̀ nínú wọn kógbá wọlé. Ilé sinimá tó dúró sójú kan ló gba ipò wọn. Pathé sì ti ní tirẹ̀ ní Paris láti 1906.

Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1929, ó kú ní 1957. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilé sinimá púpọ̀ ní Faransé, ó sì ti dé Dakar.