Ibn Zuhr: Oníṣègùn Andalus tó fi ewúrẹ́ wádìí ọ̀nà èémí

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ìkòsì, Máìlì 12 àti gbogbo Kòsọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń já ẹbí láyà ní ilé ìwòsàn. Òun ni kí dókítà sọ pé òun fẹ́ la ihò sí ọ̀fun aláìsàn, kí òun ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kó lè máa mí. Ẹlòmíràn gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti la ọ̀fun rẹ̀ ti kú nìyẹn. Wọn kò ní fẹ́ fọwọ́ síwèé, bẹ́ẹ̀ àkókò ń lọ. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mùsùlùmí kan ti wádìí rẹ̀ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn.

Orúkọ rẹ̀ ni Abū Marwān Ibn Zuhr. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1094 ní Seville, ìlú kan ní Andalus, tó wà ní Spain òde òní. Ìdílé oníṣègùn ló ti wá. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ ló sì fúnra rẹ̀ kọ́ ọ.

Nígbà náà, àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọ̀nà èémí. Àwọn ìwé àtijọ́ ti sọ pé a lè là á bí ọ̀fun bá wú tó sì dí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé eegun rírọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ní jinná. Al-Zahrāwī, àgbà oníṣẹ́ abẹ Andalus tó kú ní nǹkan bí 1013, ti tọ́jú ẹrúbìnrin kan tó fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́fun. Ó rán ojú ọgbẹ́ náà, ọmọbìnrin náà sì yè, àfi pé ohùn rẹ̀ há díẹ̀.

Ibn Zuhr kà nípa àríyànjiyàn yìí nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Kò fi ènìyàn dán an wò. Ó mú ewúrẹ́ kan, ó la awọ ọrùn rẹ̀, ó sì gé ihò tí kò ju hóró èso kékeré kan lọ sí ara ọ̀nà èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń fi omi àti oyin fọ ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi jinná. Ewúrẹ́ náà sì tún pẹ́ láyé. (Èyí kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni da oyin sí ọgbẹ́ ọ̀fun nílé o!)

Ayé kò fi gbogbo ìgbà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọba àwọn Murābiṭ, ʿAlī ibn Yūsuf, jù ú sẹ́wọ̀n ní Marrakesh, ní Mòrókò. Nígbà tí àwọn Muwaḥḥid gba ìjọba, ó di oníṣègùn ọba wọn, ʿAbdul-Muʾmin. Ó kọ ìwé ńlá rẹ̀, At-Taysīr, nítorí Ibn Rushd, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú di oníṣègùn. Ó kú ní Seville ní 1162. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìnì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Venice ní 1490.

Lónìí, ẹnu ni rọ́bà èémí ń gbà wọlé fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, kò sí pé à ń la ọ̀fun. Àpò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kí itọ́ àti èébì má baà ráyè wọ ẹ̀dọ̀ fóóró. Bí àpò náà bá le jù, á dá egbò sí ọ̀nà èémí. Bí ó bá rọ̀ jù, itọ́ á jò kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé orí aláìsàn sókè.

Iṣẹ́ kù fún àwa ẹbí náà. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn má jẹun ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ má jí oúnjẹ gbé wọlé fún un. Bí oògùn oorun bá ti gbé e, oúnjẹ inú ikùn lè gòkè, kó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fóóró. Kí ẹni tó ń mu sìgá ti dẹ́kun ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrora kì í jẹ́ kéèyàn mí kanlẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sínú, òtútù àyà á sì wọlé. Nítorí náà, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti gbà, ẹ gbé e jókòó, ẹ mú un rìn díẹ̀díẹ̀. Kó máa mí kanlẹ̀, kó fi ìrọ̀rí ti ojú ọgbẹ́ kó tó wúkọ́, kó sì máa fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Yálà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gbàgádà wa níhìn-ín ni tàbí níbòmíràn, bí dókítà bá mẹ́nu ba ọ̀fun, ẹ bi í ní gbogbo ohun tó bá ń kọ yín lóminú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù nìkan dáhùn fún yín. Ihò tí wọ́n là fún èémí máa ń jinná.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ibn Zuhr, kí Ó sì fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.